Arán kì í dé lójijì

Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì gbé màmá lọ sílé àdúrà. Ẹ ní ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan díẹ̀díẹ̀, àmọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ti ń bá bàbá wọn tó ti kú sọ̀rọ̀, wọn ò sùn lóru, àwọn ará ilé wá ní wọ́n ti ń kà, pé àjẹ́ ni. Ọjọ́ mẹ́rin yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ dì mú. Arán, ìyẹn àìsàn ìgbàgbé àwọn àgbà, máa ń yọ́ wọlé ni. Èyí tó bá yí padà lójijì báyìí, nǹkan mìíràn ló ń ṣe wọ́n nínú ara.

Ojú mi rí i lára màmá tèmi. Wọ́n á máa ṣa nǹkan lára ìró wọn bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ní àwọn ọmọ kékeré jókòó sórí wọ́dírọ́ọ̀bù, kí n lọ bu oúnjẹ fún wọn. Ara wọn ò gbóná, wọn ò sì ní ìtọ̀ ń ta wọ́n, àfi ìgbà tí dókítà ní ká ṣe tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀ tí infẹ́kíṣọ̀n jáde, torí ọ̀pọ̀ àgbà ni kì í ní ibà tí ìyẹn bá mú wọn, orí ló máa ń dà rú. Ó ní ká kó gbogbo oògùn wọn wá, ló bá yọ oògùn kàtá chlorpheniramine tó máa ń kun èèyàn lóorun yẹn kúrò, ó ní kò dáa fún ọpọlọ àgbà. Nígbà tí wọ́n lo oògùn tán, àwọn ọmọ orí wọ́dírọ́ọ̀bù lọ. Ìgbàgbé ti tẹ́lẹ̀ ò lọ o, ìyẹn ṣì wà.

Ẹ gbé wọn lọ ọsibítù lónìí. Kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, ibà, ṣúgà, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ sọ ìgbà tí wọ́n yàgbẹ́ kẹ́yìn, tí wọ́n bá ti ṣubú láìpẹ́ yìí ẹ sọ ọ́, kódà kó jẹ́ pé orí kàn gbálẹ̀ díẹ̀ ni. Ẹ kó gbogbo oògùn sínú láílọ́ọ̀nù kan, àti àgbo. Tí ẹnu bá wọ́ tàbí tí apá kan ò ṣeé gbé, ẹ má dúró kílẹ̀ mọ́.

Lóru, ẹ tan iná sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ awò ojú wọn, ẹni tí wọ́n mọ̀ dáadáa ni kó jókòó tì wọ́n, ẹ má bá wọn jiyàn pé bàbá ti kú. Àwọn tó ń pariwo àjẹ́ yẹn, ẹ sọ fún wọn pé àìsàn ọpọlọ ni arán gan-an, àti pé ọdún 1992 làwọn dókítà Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí ẹ̀ láàárín àwọn àgbà àdúgbò Ìdíkàn nílùú Ìbàdàn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí tẹ́ẹ̀sì bá sọ.