Oòrùn ni o, kì í ṣe májèlé

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. A so Tanímọ̀la, ajá wa, mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé onípáànù tí bàbá kàn fún un lẹ́yìnkùlé, mo bá gba ọjà lọ. Ìgbà tí mo fi dé lọ́sàn-án, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, itọ́ ẹnu rẹ̀ ń yọ̀ bí omi ilá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́. Wọ́n ní májèlé ni, la bá rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ó yè é, àmọ́ ta ló fẹ́ pa á? — Ìyá Àjọkẹ́, Ọ̀fà

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú orí ire. Ẹ má torí èyí bá aládùúgbò jà o. Májèlé náà lè mú kí ajá da itọ́, ṣùgbọ́n ṣéènì, páànù àti oòrùn ọ̀sán oṣù Máàṣì? Èmi ò wá ọ̀tá kankan kiri.

Ajá kì í làágùn bíi tiwa, àfi díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Mímí hẹlẹhẹlẹ yẹn ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Bí afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú bá ti gbóná, kò ràn án mọ́. Ooru ara ajá tó le koko kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìwọ̀n 39 (ti Celsius) lọ. Bó bá ti kọjá 41, ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Ẹ ká ètè rẹ̀ sókè: èrìgì rẹ̀ á pọ́n yòò, bó bá pẹ́, á funfun. Ó lè bì, ó lè yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, gìrì lè mú un.

Epo pupa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Ajá tó ń wá èémí, ẹ̀dọ̀fóró lepo náà máa gbà lọ. Omi pàápàá, ẹ má fi tipá rọ ọ́. Ẹ gbé e sábẹ́ igi, kí ẹ da omi sí i lára, pàápàá níkùn àti abẹ́ itan, kí ẹnìkan máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Omi kànga ló dáa. Ti tánkì dúdú orí ilé ti gbóná lọ́sàn-án. Ẹ má fi tówẹ̀lì tútù bò ó sílẹ̀, ooru á há sábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ooru ara rẹ̀ bá ti ń rọlẹ̀ ni kí ẹ gbé e sọ́kọ̀ lọ bá dókítà ẹran, bó tilẹ̀ ti dìde, torí kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Yunifásítì Ìlọrin ní ilé ìwòsàn ẹran, bí ẹ ò bá rí ẹni nítòsí. Tanímọ̀la náà, ẹ ṣì gbé e lọ.

Ní ti páànù yẹn, ẹ kó imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí, kí bàbá sì ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀. Kí okùn rẹ̀ gùn dé ibi tí òjìji máa ń yí sí lọ́sàn-án, kí abọ́ omi rẹ̀ jẹ́ èyí tó wúwo, tí kò ní lè dà nù.