Ṣé bátìrì tó wúwo máa ń jẹ́ kí ọ̀kadà oníná tètè ṣubú lọ́nà Kábbà sí Ẹ̀gbẹ́?

Rárá o. Ibi tí ìwúwo wà ló ṣe kókó ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Epo bẹntiróòlù lítà 10 kò ju nǹkan bíi kílò 7 àbọ̀ lọ; bátìrì wúwo jù ú lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀, láàárín táyà méjèèjì, ni wọ́n sábà máa ń gbé bátìrì sí, nígbà tí táǹkì epo wà lókè. Torí náà, tí ọ̀kadà oníná bá fẹ́ ṣubú níbi tẹ́ ẹ dúró sí, ó rọrùn láti fẹsẹ̀ gbé e ró.

Ẹrù gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Àwa tá à ń kó iṣu bọ̀ láti oko, bá a bá di àpò gàgàrà sẹ́yìn kẹríà, táyà iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ á sì máa gbọ̀n, ìbáà jẹ́ oníná tàbí elépo. Ẹ di ẹrù sí ìsàlẹ̀, kó sún mọ́ ìjókòó.

Ohun kan tún wà: agbára ọ̀kadà oníná máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí òkè tó ní yanrìn, ẹ rọra fún un níná, kí táyà ẹ̀yìn má baà yọ̀.

Ilé iṣẹ́ Spiro àti MAX ti ń ta ọ̀kadà oníná ní Nàìjíríà, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tẹ́ ẹ ó ti máa gba iná sí i nítòsí yín.