Ṣé obìnrin ni tábìlì lójú àwọn Faransé?

Ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè Faransé béèrè pé: kí ló dé tí tábìlì fi jẹ́ abo, tí ìwé sì jẹ́ akọ? Ó ní olùkọ́ àwọn tún ní kí wọ́n máa sọ “mon école”, ìyẹn ilé ìwé mi, bẹ́ẹ̀ abo ni “école”, “ma” ló sì yẹ kó jẹ́ “mi” fún abo, “mon” fún akọ.

Olùkọ́ yín ò ṣìnà o. Èdè tiwa ló ń kó bá wa díẹ̀ níbí. Bí Yorùbá bá pe ohun tí kì í ṣe ẹranko ní akọ, ó nídìí: akọ òkúta le ju òkúta lásán lọ, akọ ibà kì í sì í ṣe ibà tí èèyàn ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Kò sírú ẹ̀ nínú Faransé. Òkúta tó le koko yẹn, “la pierre”, abo ni. Ogun, “la guerre”, abo. Irùngbọ̀n ì báà bo àyà ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́nà, “une sentinelle” ni wọ́n máa pè é, “une” ti abo, kì í ṣe “un” ti akọ. Lóòótọ́, bàbá jẹ́ akọ, ìyá jẹ́ abo, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ nǹkan lásán, ẹ má wádìí ìwà nínú ẹ̀.

Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni wọ́n ti jogún ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni Látìn pín ọ̀rọ̀ sí: akọ, abo, àti èyí tí kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Nígbà tí ìkẹta yìí pòórá, púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ akọ, bí “vinum”, ìyẹn wáìnì, ṣe di “le vin”. Àmọ́ “folia”, ìyẹn ewé púpọ̀, ní “a” ní ìparí bí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ abo, ó wá dún bí abo létí àwọn èèyàn. Bí ewé ṣe di “la feuille” nìyẹn.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe nǹkan gbọ́dọ̀ bá orúkọ nǹkan náà mu, ní akọ tàbí abo. “Un petit banc vert” (bẹ́ǹṣì kékeré aláwọ̀ ewé), “une petite table verte” (tábìlì kékeré aláwọ̀ ewé): ẹ fetí sí “t” ìparí nínú “petit” àti “vert”. Lára akọ, wọ́n gbé e mì. Lára abo, ó dún ketekete. “Rouge” (pupa) kì í yí padà fún akọ tàbí abo, “marron” (àwọ̀ búráùn) náà kì í yí.

Ní ti “mon école”, “ma” àti “école” á forí gbárí, fáwẹ́lì méjì. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń gé ọ̀kan kúrò, wọ́n á ní “m'amie” (ọ̀rẹ́ mi obìnrin) dípò “ma amie”, gẹ́lẹ́ bí àwa ṣe ń sọ “raṣọ” dípò “ra aṣọ”. Nígbà tó yá, wọ́n yá “mon” lò. “École” ò tìtorí ẹ̀ di akọ; ẹ wo “mon ancienne école” (ilé ìwé mi àtijọ́), ṣé ẹ rí “ancienne” tó ṣì wà ní abo?

Ó ku “son” (akọ) àti “sa” (abo), ìyẹn “rẹ̀”, tó yẹ kó rọ ọmọ Yorùbá lọ́rùn. Ohun ìní ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ẹni tó ni ín. Ìyá Àdé ni o, ìyá Bísí ni o, “sa mère” náà ni, bí àwa náà ṣe ń sọ “ìyá rẹ̀” fún méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì, tó ń wo ẹni tó ni nǹkan, ló ń da àwọn kan láàmú tí wọ́n fi ń sọ “sa père” dípò “son père” (bàbá rẹ̀) torí pé obìnrin ló ni bàbá.

Àwọn Faransé fúnra wọn ń jiyàn lórí akọ àti abo. Ní 2020, “le covid” lọ̀pọ̀ wọn ń sọ. Académie française, ẹgbẹ́ tó ń mójú tó èdè Faransé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1635, ní “la covid” ló tọ́, torí pé abo ni “maladie”, ìyẹn àìsàn. Ọ̀pọ̀ ò dá wọn lóhùn.

Ìparí ọ̀rọ̀ máa ń ṣèrànwọ́: “-tion” sábà jẹ́ abo, “-ment” àti “-age” sábà jẹ́ akọ, àfi irú “la page” (ojú ìwé) àti “la plage” (etíkun). Nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, ẹ má kọ “table” nìkan, “une table” ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ má sì fi “l'”, tó jẹ́ “le” tàbí “la” tí wọ́n gé, kọ́ ọ̀rọ̀, torí “l'école” ò fi hàn bóyá akọ ni tàbí abo. “Une école” ló sọ ohun tó jẹ́.