Ìjì àti yìnyín lójú ọ̀nà Laramie sí Rawlins
Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ fẹ́ wa ọkọ̀ akẹ́rù òfìfo gba òpópónà I-80 ní ìpínlẹ̀ Wyoming ní Amẹ́ríkà, láti Laramie dé Rawlins, bí ìjì tilẹ̀ ń jà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ẹrù ló ń jẹ́ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró ṣinṣin. Bí inú rẹ̀ bá ṣófo, atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ nítòsí òkè Elk Mountain lójú ọ̀nà náà lè dojú rẹ̀ dé, kódà lórí títì gbígbẹ.

Èyí tó tún ń bà mí lẹ́rù lójú ọ̀nà náà ni yìnyín lẹ́búlẹ́bú tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí atẹ́gùn ń gbá kọjá lórí títì bí èéfín, títí ẹ kò fi ní rí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú yín mọ́.

Ẹ pe 511, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ti ń sọ bí ojú ọ̀nà ṣe rí, kí ẹ tó gbéra. Bí wọ́n bá ti ọ̀nà, ẹ dúró. Bí ìjì bá ká yín mọ́ ojú ọ̀nà, ẹ rọra dín eré kù, ṣùgbọ́n ẹ má dúró láàárín títì, nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí yín. Bí ẹ bá há sínú yìnyín, ẹ kọ́kọ́ gbọ́n yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù èéfín kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, nítorí bí ẹnu rẹ̀ bá dí, èéfín náà lè wọ inú ọkọ̀, ó sì ń pani.