Orúnkún Ń Ké, Ìbàdí Ló Ń Ṣàìsàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 61 ni mí, aṣọ ni mo ń tà. Láti ọdún tó kọjá ni orúnkún ọ̀tún ti ń dùn mí, ó sì máa ń fà mí níbi tí itan ti pàdé ìsàlẹ̀ ikùn. Mo ti fi róòbù ra á títí. Wọ́n ya X-ray orúnkún, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Kí ni ṣíṣe? (Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìbàdí yín wò. Iṣan ìmọ̀lára kan náà ló ń jíṣẹ́ fún oríkèé méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ìrora ìbàdí fi ń yọ lórúnkún. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ gbé kókósẹ̀ ọ̀tún lé orúnkún òsì bí ẹni fẹ́ gé èékánná. Bí kò bá ṣeé ṣe, tàbí tó fà yín gidi lókè itan, aromọléegun ìbàdí ni kí ẹ fura sí.

Kerekere, ìyẹn eegun rírọ̀, ló bo orí eegun itan àti ihò tó wọ̀ sí. Ọjọ́ orí, ara tó wúwo àti ìfarapa àtijọ́ máa ń jẹ ẹ́ tán díẹ̀díẹ̀. Kò sí òògùn tó ń mú un hù padà. Ẹni tó bá ní òun ní in, owó yín ló ń wá. Róòbù náà ò lè dé ibẹ̀, oríkèé yẹn jìn sínú ẹran.

Iṣan ìdí tó lágbára ló ń gba ẹrù kúrò lórí oríkèé. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè ní títọ́, ẹ ka ení dé àrún, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà 10, láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ẹ bá ń fi ọ̀pá rìn, ọwọ́ òsì ni kí ẹ fi mú un. Ọ̀pọ̀ ló ń mú un sí ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn, ẹrù á sì padà sórí ìbàdí náà. Ẹ kúrò lórí àpótí kúkurú ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wá àga gíga.

Paracetamol 500 mg: méjì lẹ́ẹ̀kan, kó má ju 8 lọ láàárín wákàtí 24. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan diclofenac tàbí ibuprofen láìbi dókítà.

Bí ẹ bá ṣubú tí ẹsẹ̀ kò gbà yín dúró, tó kúrú, tó sì yí síta, tàbí tí ibà dé tí ìbàdí ò ṣeé mì, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìrora tó ń jí yín lóru tí ara sì ń rù, ẹ má fi falẹ̀. Bí oṣù mélòó kan bá kọjá tí ìrìn àti oorun ṣì nira, ẹ béèrè nípa pípààrọ̀ oríkèé. Wọ́n ń ṣe é ní ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Igbobi, l'Ékòó.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 24, SS ni. Ìbàdí ń dùn ún, ó ti ń tiro. Ṣé aromọléegun ń mú ọmọdé bẹ́ẹ̀? (Òbí kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ó ń mú wọn, ọ̀nà tó gbà wọlé ló yàtọ̀. Nínú SS àti SC, ẹ̀jẹ̀ lè dí mọ́ òpójẹ̀ tín-ín-rín tó ń bọ́ orí eegun itan. Eegun náà á kú, á sì wó. X-ray àkọ́kọ́ lè má fi nǹkan kan hàn, nítorí náà bí ìrora ò bá lọ, ẹ béèrè fún MRI, àwòrán tó ń fi inú eegun hàn ju X-ray lọ. Kí ó tó wó ni dókítà eegun ní ohun púpọ̀ láti ṣe. Títí ẹ ó fi rí i, kó máa fi ọ̀pá abẹ́ apá rìn, kó má sì gbé ẹrù.