Ìbéèrè yín: pépà funfun bo fọ́tò màmá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ṣe álíbọ́ọ̀mù 80 ọdún màmá mi lórí kọ̀ǹpútà, mo wá fi bírò ya àdìrẹ Ìbàdàndùn sórí pépà, pẹ̀lú òpó Mápó ẹ̀ o, mo fi fóònù yà á, àmọ́ bí mo ṣe gbé e lé fọ́tò báyìí, pépà yẹn bo gbogbo ẹ̀. Kí ni ṣíṣe? (Ìyá Bísí, Abẹ́òkúta)

Ìyá Bísí, ọwọ́ yín ò ní gbẹ. Ẹ má wulẹ̀ máa pa nǹkan kan rẹ́. Níbi léyà (ìpele tí àwòrán bírò yẹn wà lórí fọ́tò), ẹ yí Normal, ìyẹn bí ìpele òkè ṣe ń dà pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, sí Multiply, funfun á pòórá, ilà bírò nìkan ló máa kù. Àmọ́ ṣé ẹ mọ̀ pé nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ibi tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ yà kì í gba aró, ilà ẹ̀ ló máa ń mọ́lẹ̀, torí náà tí fọ́tò yẹn bá ṣú díẹ̀, ẹ ṣe Invert (kí dúdú di funfun, kí funfun di dúdú) kẹ́ ẹ wá lo Screen dípò Multiply, dúdú ló máa pòórá níbẹ̀, ó máa jọ àdìrẹ gidi, èmi fẹ́ràn ìyẹn jù. Ẹ dín opacity léyà yẹn (bó ṣe hàn ketekete tó) kù sí bíi 30%, kẹ́ ẹ fi mask (ìbòjú tó ń fi apá kan léyà pamọ́ láì pa á rẹ́) yọ ilà yẹn kúrò lójú màmá, àbí ẹ fẹ́ kọlà fún wọn lọ́jọ́ ogbó ni! Tẹ́ ẹ bá máa tẹ̀ ẹ́ jáde ní ínṣì 12, kí ojú ìwé yẹn jẹ́ 3600 pixel (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán), torí 300 pixel ló yẹ kó wọ ínṣì kan.