Ara tó sanra kọ́ ni fítámì tó pọ̀

ÌBÉÈRÈ: Oyún mi ti pé ọ̀sẹ̀ 10. Kí n tó lóyún, kílò 86 ni mo wọ̀n, mo sì ga ní mítà 1.60. Ìyá ọkọ mi ní àwọn tó rù ni oògùn fítámì wà fún, pé kí n pa á tì, kí n sì dín oúnjẹ kù kí ọmọ má baà tóbi jù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?
— Aláṣọ, Ọjà Ìgbọ́nà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire, aláṣọ wa. Ẹ bá wa kí màmá, àmọ́ ẹ má pa oògùn yẹn tì.

Ẹ fi 1.60 ṣe ìlọ́po 1.60, kí ẹ fi èyí tó bá jáde pín 86: ó lé díẹ̀ ní 33. Ìṣirò yìí (BMI) ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìwọ̀n ara bá gíga mu. Ẹni tó bá ti tó 30, àwọn dókítà kà á sí ẹni tó sanra jù. Fítámì D sì fẹ́ràn ọ̀rá; ọ̀rá ara á fà á mu, á dì í mú, ìwọ̀nba ni yóò kù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìyá àtọmọ. Folate (irú fítámì B kan, tí wọ́n ń pè ní folic acid tó bá wà nínú oògùn) náà sábà máa ń kéré nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó sanra, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ pa dé dáadáa ní nǹkan bí ọjọ́ 28 tí oyún bá dúró. Tiyín ti kọjá ibẹ̀, ẹ ṣáà máa lò ó lọ.

Ẹ ka ara páálí folic acid yín. Máíkírógíráàmù 400 lóòjọ́ ni ti gbogbo aboyún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mílígíráàmù 5 ni wọ́n máa ń kọ tẹ́lẹ̀ fún ẹni tí BMI rẹ̀ bá ti tó 30. Ìlọ́po 12 àbọ̀ nìyẹn, nítorí náà nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ni kó yàn án fún yín.

Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Ẹni tó bá bọ tẹ̀tẹ̀ títí, tó fún omi rẹ̀ dànù, folate ló dà nù yẹn. Ẹ fọ ewé kí ẹ tó gé e, ẹ dà á sí ata tó ti jinná, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó. (Ti ewúro yé wa o, kò ṣeé má fọ̀.) Oògùn ẹ̀jẹ̀, ọsàn ni kí ẹ fi tì í, tíì àti mílíìkì á dí i lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi wákàtí méjì jìnnà síra. Tí ìgbẹ́ bá dúdú, oògùn ẹ̀jẹ̀ náà ló sábà máa ń fà á.

Àsìkò oyún kọ́ là ń fara rù. Kílò 5 sí 9 ló yẹ kí irú yín fi sanra sí i títí dìgbà ìbímọ. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti búrẹ́dì ni kí ẹ dín kù, kì í ṣe ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja. Tí oyún bá pé ọ̀sẹ̀ 24 sí 28, ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò: ṣúgà tó pọ̀ ló máa ń mú ọmọ tóbi jù, kì í ṣe oògùn fítámì tí wọ́n yàn fún yín.